Ẹni tó dá ṣéńjì padà fún ìyá aláta lè kówó ẹ̀rọ lọ: Ohun tó yẹ kí oníṣòwò mọ̀ nípa tiráńsífà, POS àti ojú èèyàn

Ká ní oníbàárà kan ra ata ẹgbẹ̀rún kan náírà lọ́jà Odò-Ogbè, n'Ilé-Ifẹ̀, ó fún ìyá aláta ní ẹgbẹ̀rún méjì, ìyá sì ṣèèṣì ka ẹgbẹ̀rún kan ó lé igba náírà ṣéńjì fún un. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni yóò tún owó náà kà, tí wọ́n á sì pè é pé, "Mọ́mì, owó yín lé o, ẹ gba igba náírà yín." Ìyá aláta á ṣàdúrà fún un, oníkálukú á sì bá tiẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ̀rọ ATM kan ló ṣe irú àṣìṣe yìí, tó pọ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá fún ẹni tó béèrè ẹgbẹ̀rún márùn-ún, tó sì jẹ́ pé ẹgbẹ̀rún márùn-ún péré ló yọ nínú àkáǹtì rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí onítọ̀hún má bojú wẹ̀yìn mọ́. Ẹlòmíràn tiẹ̀ lè pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó máa sáré bọ̀, pé ẹ̀rọ kan ti ń ya wèrè ní Mayfair.

Ẹnì kan náà ni o. Ìwà rẹ̀ kò yí padà láàárín ọjà sí ẹnu ọ̀nà báńkì. Ohun tó yàtọ̀ ni pé èèyàn ló dúró níwájú rẹ̀ lọ́jà, ní báńkì kò sí ẹnì kankan. Ọ̀rọ̀ owó gan-an lèyí fún àwọn oníṣòwò kéékèèké, nítorí pé láti ìgbà tí tiráńsífà àti POS ti gba ìgboro, ẹ̀rọ ti wọ àárín ọlọ́jà àti oníbàárà níbi gbogbo, láti ṣọ́ọ̀bù aláṣọ ní Lágere títí dé ìdí búkà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu géètì Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ẹ̀rọ máa ń sọ ìwà èèyàn dà, yóò máa pàdánù ọjà láì mọ ibi tó ń gbà lọ.

Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé mẹ́ta kan, Alain Cohn, Tobias Gesche àti Michel Maréchal, ti dán ọ̀rọ̀ náà wò, èsì iṣẹ́ wọn sì jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Management Science lọ́dún 2022. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn ju owó kọ́ìnì sókè lẹ́ẹ̀mẹwàá níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí wọn, kí wọ́n sì wá jábọ̀ ohun tó gbé jáde. Ẹ̀gbẹ́ kan lára kọ́ìnì náà ń mówó wọlé fún ẹni tó jù ú, ẹ̀gbẹ́ kejì kò mú nǹkan kan wá. Èèyàn ni àwọn kan jábọ̀ fún, ẹ̀rọ ni àwọn mìíràn jábọ̀ fún. Kò sí ẹni tó lè mú òpùrọ́ kan ní pàtó, ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ju kọ́ìnì, ìdajì-ìdajì ló yẹ kó bọ́ sí. Ohun tó bá ti ju ìdajì lọ dáadáa, irọ́ ti wọ̀ ọ́ nìyẹn.

Àwọn tó jábọ̀ fún ẹ̀rọ purọ́ tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta irọ́ àwọn tó bá èèyàn sọ̀rọ̀. Wọ́n tiẹ̀ gbìyànjú láti ṣe ẹ̀rọ náà kó dà bí èèyàn, síbẹ̀ kò yí nǹkan kan padà. Wọ́n tún rí i pé ẹni tó bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ kì í fẹ́ sọ ohun tó bá ti dùn jù, pé ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án nínú mẹ́wàá ló bọ́ sí òun lọ́wọ́, nítorí pé ẹni tó ń gbọ́ ọ á máa wò ó tìyanu-tìyanu. Èyí tó tún wá jọni lójú ni ìdánwò wọn kejì. Nígbà tí wọ́n ní kí èèyàn yan èyí tó bá wù ú, àwọn tí ọwọ́ wọn kò mọ́ ló fẹ́ràn láti lọ bá ẹ̀rọ.

Ẹ fojú sí ibì kan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èèyàn tó ń gbàbọ̀ lọ́hùn-ún kò rí kọ́ìnì náà rárá, bí ẹ̀rọ kò ṣe rí i. Kò sí ẹ̀rù pé wọ́n á mú èèyàn. Ìtìjú ló ṣe iṣẹ́ náà, ohun tí Yorùbá ń pè ní ojú. Ẹnu lè ṣe tán láti purọ́, kí ojú máà gbà fún un.

Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ojú ẹni tó dúró tini nìkan ló ń mú wa ṣòótọ́, báwo ni àwọn baba wa ṣe ń tajà tí wọn kì í sí nídìí ẹ̀? Àwọn àgbàlagbà tó dàgbà lẹ́bàá ọ̀nà oko ṣì ń ranti rẹ̀ dáadáa. Àgbẹ̀ á kó iṣu, ọsàn tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ jọ sẹ́bàá ọ̀nà, á to òkúta wẹ́wẹ́ síwájú òkìtì kọ̀ọ̀kan, á sì gba oko rẹ̀ lọ. Iye òkúta yẹn ni iye owó ọjà náà. Láyé owó ẹyọ, iye owó ẹyọ ló dúró fún, nígbà tó yá ó di kọ́bọ̀ àti sílè. Ẹni tó bá fẹ́ rà á á ka òkúta, á fi owó sílẹ̀ síbẹ̀, á gbé ọjà rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ lolówó yóò wá kó owó rẹ̀. Bí a bá wò ó dáadáa, ẹ̀rọ tí ń tajà láì sí olùtajà ni Yorùbá ti ń lò nígbà náà, kò kàn ní wáyà ni.

Ohun méjì ló mú un ṣiṣẹ́. Èkíní ni pé àwọn tó ń gba ọ̀nà náà kọjá mọ ẹni tó ni oko, wọ́n mọ ìyàwó rẹ̀ àti agbo ilé rẹ̀. Ẹni tó bá jí iṣu náà, iṣu ẹnì kan tí wọ́n jọ ń lọ sílé ìsìnkú ló jí. Èkejì ni ààlè. Wọ́n lè so ìkarahun ìgbín, ṣùkù àgbàdo, ìgbálẹ̀ tó ti gbó tàbí àkísà mọ́ ọjà náà, kó lè máa kìlọ̀ fún olè. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, David Doris, kọ odidi ìwé lé ààlè lórí, ó jáde lọ́dún 2011. Ẹni tó bá rí ìgbálẹ̀ lórí òkìtì iṣu kò nílò kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó mọ̀ pé ẹnì kan ti sọ pé bí òun ṣe ń gbálẹ̀ ni ohun búburú ṣe máa gbá olè náà lọ. Olówó ọjà kò sí níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọjà náà.

Àwọn òyìnbó náà ti fẹ́ ṣe ohun tó jọ ọ́. Ní Yunifásítì Newcastle, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àpótí kan wà níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń fi owó tíì àti kọfí sí láì sí ẹni tó ń ṣọ́ wọn. Lọ́dún 2006, Melissa Bateson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì gbé ìwádìí kan jáde: wọ́n lẹ àwòrán ojú èèyàn sókè àpótí náà ní ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n lẹ òdòdó ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n sì ń pààrọ̀ wọn bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Owó tó wọlé lọ́sẹ̀ olójú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti ọ̀sẹ̀ olódòdó. Kí oníṣòwò kankan má tìtorí ìyẹn sáré lọ ra àwòrán ojú o. Nígbà tí àwọn mìíràn kó ọ̀pọ̀ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ lọ́dún 2017 lórí bóyá àwòrán ojú ń mú èèyàn lawọ́ sí i, wọ́n ní àwọn kò rí i pé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú orí bébà kì í ṣe ojú àgbẹ̀ tí a mọ̀.

Ibi tí ẹ̀rọ òde òní ti kùnà gan-an nìyí. Èèyàn kì í rí olówó nínú rẹ̀. Wọ́n á ní owó báńkì ni, owó ìjọba ni, bí ẹni pé owó náà kò ní ìyá. Ní òru Jímọ̀ mọ́jú Sátidé, ọjọ́ 15 sí ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 2024, ẹ̀rọ Commercial Bank of Ethiopia, báńkì tó tóbi jù lórílẹ̀-èdè Ethiopia, ṣiṣẹ́ gbòdì. Àwọn oníbàárà rí i pé àwọn lè gba owó tó ju èyí tó wà nínú àkáǹtì àwọn lọ, tàbí kí wọ́n fi ránṣẹ́ síbòmíràn. Kíá ni ìròyìn náà ti tàn lórí fóònù, pàápàá láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ìlà sì gùn nídìí ATM inú ọgbà wọn. Owó tí àwọn ilé ìròyìn ibẹ̀ kọ́kọ́ dárúkọ lé ní ogójì mílíọ̀nù dọ́là.

Báńkì náà bẹ àwọn èèyàn, ó ní ẹni tó bá dá owó padà fúnra rẹ̀ kò ní jẹ́jọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló dá a padà. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orúkọ àti fọ́tò àwọn tó kọ̀ jálẹ̀ síta, kí aládùúgbò àti ẹbí lè rí i. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà ti padà wọlé. Òru ọjọ́ kan ni ọ̀ràn náà fi jẹ́ ti èèyàn àti ẹ̀rọ. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di ti èèyàn àti èèyàn, owó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn padà.

Bákan náà lọ̀rọ̀ mítà iná tí wọ́n ń san owó rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó lò ó. Ẹni tí kò ní gbé agolo mílíìkì kan nínú ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò rẹ̀ lè pe oníṣẹ́ iná wá kó fa wáyà gba ẹ̀yìn mítà fún un, kó sì máa lo fíríìjì lọ́fẹ̀ẹ́. Lójú rẹ̀, IBEDC tó ń pín iná n'Ilé-Ifẹ̀ láti ọdún 2013 ni òun ń rẹ́ jẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹrù bá wúwo jù fún tiransifọ́mà àdúgbò tó sì jó, aládùúgbò ọ̀hún náà ni yóò jókòó sínú òkùnkùn, ẹran inú fíríìsà rẹ̀ yóò sì bàjẹ́.

Èyí tó ń dun àwọn oníṣòwò jù lọ báyìí ni àláàtì ayédèrú. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà tí kì í gba tiráńsífà tẹ́lẹ̀ ló di dandan fún ní oṣù Kìíní sí oṣù Kẹta ọdún 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ pààrọ̀ owó náírà, tí owó sì wọ́n bí ojú. Wọ́n kọ́ ọ nínú wàhálà, kò sẹ́ni tó jókòó ṣàlàyé fún wọn. Púpọ̀ nínú wọn ló gbà pé àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá ti wọ orí fóònù, owó ló ti wọlé yẹn. Bẹ́ẹ̀, lẹ́tà lásán ni àtẹ̀jíṣẹ́. Àwọn gbájúẹ̀ ní ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ bí ẹni pé ọ̀dọ̀ báńkì ló ti wá, wọ́n sì ní òmíràn tó ń ya rìsíìtì tiráńsífà tó jọ ti báńkì gẹ́lẹ́. Iye tó wà nínú àkáǹtì nìkan ni owó.

Ohun tó yẹ kí èèyàn ṣàkíyèsí ni bí gbájúẹ̀ ṣe ń ṣe é. Kì í sábà sọ̀rọ̀ púpọ̀. Á kàn na fóònù sí ọmọ ṣọ́ọ̀bù, á ní "ó ti lọ," á sì ti máa di ọjà. Fóònù ló ń purọ́ fún un. Òun alára kò tíì parọ́ kan tó gùn, ojú rẹ̀ kò sì tíì ní iṣẹ́ púpọ̀ ṣe. Ọlọ́jà náà ń tijú, kò fẹ́ kó dà bíi pé òun kò fọkàn tán oníbàárà, pàápàá bí ẹni náà bá múra dáadáa. Bí ìtìjú ṣe máa ń bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tí kò yẹ nìyẹn.

Ọ̀nà àbáyọ kò gba owó. Kí ọmọ ṣọ́ọ̀bù gba ọ̀rọ̀ náà kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ, kó dá a padà sẹ́nu èèyàn. Kó wo ojú oníbàárà, kó sì béèrè tìrẹ̀lẹ̀-tìrẹ̀lẹ̀ pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, orúkọ wo ló wà lórí àkáǹtì tí ẹ fi sanwó? Báńkì wo ni? Ẹ jẹ́ ká jọ dúró kó wọlé." Oníbàárà gidi kò ní bínú, orúkọ ara rẹ̀ kò ṣòro fún un láti dá. Ẹni tó wá lu jìbìtì yóò ní láti dúró, kó máa hun irọ́ lójú ẹni tó ń wò ó, ohun tí ìwádìí ọdún 2022 yẹn sì fi hàn pé ó ń nira fún èèyàn nìyẹn. Lẹ́yìn èyí, kí ọlọ́jà ṣí áàpù báńkì tirẹ̀, tàbí kó tẹ kóòdù báńkì rẹ̀, kó wo iye tó wà nílẹ̀ kí ọjà tó kúrò lórí káńtà. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń ṣe ségesège, kí ọjà dúró. Bó bá jẹ́ POS ni, kí wọ́n ka bébà tó jáde, nítorí pé ẹ̀rọ máa ń tẹ bébà jáde nígbà tí owó kò lọ pẹ̀lú. Ohùn tí ẹ̀rọ dún kọ́ ni kí wọ́n gbọ́kàn lé.

Àwọn kan ti fi orúkọ àti fọ́tò ara wọn sára pátákó tí nọ́ńbà àkáǹtì wà, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé "Mọ́mì Táyọ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù yìí" tàbí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n tó dára ni, ó súnmọ́ ti àgbẹ̀ olókùúta. Ó sì ń dáàbò bo ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ àwọn tó wà nínú ilé pẹ̀lú, torí pé oníṣẹ́ aláìṣòótọ́ lè lẹ nọ́ńbà àkáǹtì tirẹ̀ mọ́ ti ọ̀gá, tàbí kó máa pe tirẹ̀ fún oníbàárà bí ọ̀gá kò bá sí ńlé. Bí orúkọ tó yọ lórí fóònù oníbàárà kò bá ti bá ti pátákó mu, oníbàárà fúnra rẹ̀ á béèrè.

Ká má sì ṣe bíi pé oníbàárà nìkan ló mọ ìwà yìí. Kóńgò tí wọ́n tẹ̀ nídìí, ta ló ń tẹ̀ ẹ́? Ìyá tí kò lè wo ojú oníbàárà kó sọ pé "ìrẹsì yìí kò pé kóńgò kan" lè wọn ún pẹ̀lú kóńgò tí wọ́n ti fi òòlù tẹ̀ wọnú, kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Kóńgò ló purọ́ fún un, bí fóònù ṣe ń purọ́ fún gbájúẹ̀. Ẹ̀rọ epo tí wọ́n yí nọ́ńbà rẹ̀ ní ilé epo kò yàtọ̀ sí ìyẹn.

Ẹni tó bá wá torí gbogbo èyí sọ pé òun kò ní lo ẹ̀rọ mọ́, yóò kàn ṣe ara rẹ̀ léṣe ni, nítorí pé èèyàn ní àìsàn kan tí ẹ̀rọ kò ní. Èèyàn ṣeé bẹ̀, ó sì ṣeé fún ní nǹkan. Láyé NEPA, òṣìṣẹ́ tó wá ka mítà mọ bí wọ́n ṣe ń kọ iye tó kéré bí wọ́n bá ti fún un lówó ọtí. Ní oṣù Kejì ọdún 2018, gbogbo Nàìjíríà gbọ́ ti òṣìṣẹ́ JAMB kan ní Makurdi, ní ìpínlẹ̀ Benue, tó sọ fún àwọn tó wá yẹ ìwé owó wò pé ejò ló gbé mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógójì náírà mì, owó káàdì tí wọ́n tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìgbà tí JAMB pa káàdì tì, tí wọ́n gbé títà náà lọ sórí ẹ̀rọ, tí wọ́n sì ní kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan wá ṣírò èyí tó kù lọ́wọ́ wọn, ni àṣírí tú. Ejò kò lè gbé owó tó ti inú báńkì kan bọ́ sí òmíràn mì. Nítorí náà, kí ẹ̀rọ máa ka owó, kó máa kọ ọ́ sílẹ̀. Kí èèyàn máa gba oníbàárà, kó máa béèrè ọ̀rọ̀, kó máa wo ojú.

Bí jìbìtì bá ti ṣẹlẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n sọ fún báńkì, kí wọ́n sì lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù tí àtẹ̀jíṣẹ́ náà fi wọlé àti àkókò tó wọlé. Kí wọ́n má pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́. Òfin tó ń gbógun ti ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2015, ní abala kan tó kan ọ̀rọ̀ ATM àti POS, abala ọgbọ̀n: ẹni tó bá yí ẹ̀rọ náà po láti fi lu jìbìtì lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún, tàbí kó san mílíọ̀nù márùn-ún náírà, tàbí méjèèjì.

Àṣìṣe ẹ̀rọ kan tún wà tó máa ń ṣojúure sí ọlọ́jà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì á dákú, oníbàárà á rò pé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta tí òun fi ránṣẹ́ kò lọ, á tún un fi ránṣẹ́, á gbé ọjà rẹ̀ lọ. Nírọ̀lẹ́, nígbà tí ọlọ́jà bá ń ṣírò owó ọjọ́ náà, á rí i pé ẹ̀ẹ̀mejì ló wọlé. Ẹnì kankan kò sí níwájú rẹ̀ lásìkò yẹn, fóònù nìkan ni. Orúkọ oníbàárà ọ̀hún wà nínú àláàtì náà, bó bá wò ó dáadáa.